Àwọn Ayálégbé Inú Ìfun

Bí a bá dárúkọ kòkòrò àìlèfojúrí, àrùn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Àìlóǹkà nínú wọn ni ó fi ìfun ńlá ọmọ ènìyàn ṣe ibùgbé, ọ̀pọ̀ a sì máa san owó ilé fún onílé wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń san án? Nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso ni fọ́nrán wà tí ikùn kò lè dà. Bí ó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò náà a jẹ ẹ́, wọn a sì sọ ọ́ di èròjà kíkan. Èròjà yìí a ta ìfun jí láti rán oníṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ pé kí ínsúlíìnì jáde. Ínsúlíìnì ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí kò bá tó, tàbí tí ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣúgà a kún inú ẹ̀jẹ̀: àtọ̀gbẹ dé nìyẹn.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ṣe àyẹ̀wò 800 ènìyàn. Wọ́n rí i pé oúnjẹ tí ó gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sókè lè má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn; irú kòkòrò tí ó wà nínú ìfun oníkálukú sì wà lára ohun tí ó bá ìyàtọ̀ náà rìn.

Síbẹ̀, kí alátọ̀gbẹ má ṣe tìtorí èyí pa oògùn dókítà tì. Olùrànlọ́wọ́ ni ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Wọn kò lè gba ipò oògùn.