Lékelèke (Bubulcus ibis)

Ẹyẹ tí àwọn ọmọ Àgùdà, ní Èkó, ń na ọwọ́ sí lókè, pé kó fi funfun sí èékánná àwọn, nìyí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wá sí Èkó. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ó di òkè Ọya, ibẹ̀ ló ti ń yé, tó ń pamọ. Nígbà náà, ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ a pọ́n rúsúrúsú. A kì í sábàá rí ìyẹn níbí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé eégbọn ló ń tìtorí rẹ̀ tẹ̀ lé màlúù. Tata tí pátákò màlúù ń lé jáde nínú koríko ló ń dọdẹ ní tirẹ̀. Níbi tí kò bá sí màlúù, ẹ̀rọ tó ń gé koríko náà tó o.

Ní 1877, wọ́n rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Láti Áfíríkà ló ti fò sọdá òkun.