Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwọn Áàpù Arìnrìn-àjò: Ìgbàpamọ́, Ìpanumọ́ àti Ìṣàtìpó

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí nípa ọmọ ni ó rí nípa ohun èlò tuntun: iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe ni ó yẹ kí ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ kọ́kọ́ wò. Ìlànà yìí ṣe pàtàkì fún àwọn áàpù orí fóònù tí àwọn arìnrìn-àjò ń lò lónìí. Áàpù ni ètò tí ó ń jẹ́ kí fóònù ṣe iṣẹ́ kan pàtó, bí àpẹẹrẹ, fífi ọ̀nà hanni tàbí títúmọ̀ èdè. Àyálò náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì sí ìdí láti pa á tì. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò ṣàlàyé bí áàpù ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ìrìn-àjò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni ó ń ti Èkó lọ bá ọmọ wọn tí ó bímọ ní Atlanta ṣe ìtọ́jú ìkókó. Ìrìn-àjò náà tó nǹkan bíi wákàtí 12 bí ọkọ̀ òfuurufú kò bá dúró lọ́nà. Ẹni tí yóò pààrọ̀ ọkọ̀ ní ìlú mìíràn yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń ṣàlàyé fóònù fún ìyá wọn. Bí orúkọ bá ṣi ìyá lọ́nà, owó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè dúró sí ìlú àjèjì láìmọ ibi tí ó kàn.

2. Ìgbàpamọ́

Àwọn áàpù kan gbọ́dọ̀ máa béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ènìyàn ń lò wọ́n; àwọn mìíràn lè lo ohun tí ó ti wà nínú fóònù. Google Maps lè ṣe méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti gba máàpù Atlanta sínú fóònù láti ilé lè fi wá ọ̀nà níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ènìyàn bá pe irú máàpù bẹ́ẹ̀ ní ‘máàpù aláìnílò íntánẹ́ẹ̀tì’, irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà sọ ohun tí kò sí, kò sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. ‘Máàpù àgbàpamọ́’ sàn jù ú lọ. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gbà’ àti ‘pamọ́’ ń rán arìnrìn-àjò létí pé iṣẹ́ kan wà láti ṣe kí òun tó kúrò nílé. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘ì-’ fún wa ní ‘ìgbàpamọ́’, tí í ṣe iṣẹ́ náà. ‘À-’ fún wa ní ‘àgbàpamọ́’, tí í ṣe ohun tí iṣẹ́ náà mú jáde.

3. Ìpanumọ́

Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ni Gẹ̀ẹ́sì fi pe bọ́tìnnì tí arìnrìn-àjò máa ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru sí ‘ipò ọkọ̀ òfuurufú’, olùgbọ́ lè rò pé bọ́tìnnì náà ni yóò jẹ́ kí fóònù ṣiṣẹ́ lójú ọ̀run. Òdìkejì èyí ni òtítọ́: ńṣe ni ó ń dá fóònù dúró kí ó má fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Fóònù panu mọ́. Nítorí náà ‘ìpanumọ́’ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Àǹfààní mìíràn wà nínú orúkọ yìí. Ẹni tí ó panu mọ́ kò dití. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè ilẹ̀. Fóònù kì í fọhùn sí wọn. Ohùn wọn ni ó ń gbọ́, bí ó bá sì gbọ́ ti mẹ́rin, ó lè ṣírò ibi tí ó wà. Ìdí nìyí tí máàpù àgbàpamọ́ fi ṣì wúlò nígbà ìpanumọ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní.

4. Ìṣàtìpó

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, roaming, ni ó ń náni lówó jù. ‘Ìrìnkiri’ kò tó láti túmọ̀ rẹ̀, nítorí kò fi gbèsè hàn. Bí káàdì SIM ti Nàìjíríà bá dé Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ibẹ̀ ni yóò gbà á sọ́dọ̀; iléeṣẹ́ náà yóò ka owó sí iléeṣẹ́ ti ilé lọ́rùn, ti ilé yóò sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ni fóònù. Ènìyàn lè fẹ́ ṣẹ̀dá orúkọ láti ara ‘wọ̀ sí’, ṣùgbọ́n ‘ìwọ̀sí’ ti ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò dára. ‘Ìṣàtìpó’ ni ó yẹ, nítorí gbogbo Yorùbá mọ̀ pé àtìpó ní ilé tirẹ̀, ó sì ní ẹni tí ó gbà á sílé.

Ní ọdún 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòpin sí owó àfikún ìṣàtìpó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Káàdì SIM ti Nàìjíríà kò sí lábẹ́ òfin náà.

5. Ìkádìí

Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára a máa di gbólóhùn lẹ́nu ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé gíga. Olùkọ́ lè dán àwọn mẹ́ta wọ̀nyí wò báyìí: ‘Ìyá, ẹ gba máàpù pamọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa fóònù lẹ́nu mọ́ nínú ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí ó ṣàtìpó láìmọ iye tí wọn yóò gbà.’ Bí ìyá bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì lè ṣe é, orúkọ náà ti bá iṣẹ́ mu.