Tẹlifíṣọ̀n Tuntun, Sípíkà Àtijọ́: Kí Ló Yẹ Kó Wà Láàárín Wọn?

Lọ́dún 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, owó kòkó sì fò sókè. Ìdànrè, ìlú kòkó, jẹ nínú rẹ̀. Lára ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń rà nígbà náà ni sítẹ́ríò tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú sípíkà onígi méjì tó dúró bí ẹ̀ṣọ́ lápá ọ̀tún àti òsì. Ìlú Ìdànrè àtijọ́ tó wà lórí òkè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ò mọ nǹkan kan nípa eléyìí; àwọn ènìyàn ti sọ̀kalẹ̀ tipẹ́ kí àwọn olórin bí Orlando Owoh àti Ebenezer Obey tó máa ké nínú pálọ̀ àgbẹ̀.

Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé sítẹ́ríò á kú, sípíkà á kù. Wọ́n á gbé òdòdó oníke lé e lórí. Nígbà tó bá yá, ọmọ tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó á ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sílé. Àwòrán á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n bàbá ò ní gbọ́ ohun tí akáròyìn ń wí. Ṣé sípíkà ìgbàanì wọ̀nyí ò lè bá tẹlifíṣọ̀n náà sọ̀rọ̀ ni?

Wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tààrà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ohùn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ fi rẹlẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àpótí jíjìn ni tẹlifíṣọ̀n, àyè sípíkà sì wà nínú rẹ̀. Kí béèsì, ìyẹn ohùn tó rinlẹ̀, tó dé etí, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni sípíkà ní láti tì. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ò láyè yẹn. Sípíkà kékeré inú rẹ̀ sì sábà ń dojú kọ ilẹ̀ tàbí ògiri dípò ẹni tó ń wò ó.

Sípíkà onígi ní tirẹ̀ ò tíì di ohun ìgbàgbé. Chester Rice àti Edward Kellogg, ní ilé iṣẹ́ General Electric l'Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú rẹ̀ ní 1925, ọ̀nà yẹn náà la ṣì ń lò lónìí: wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n ká wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, iná tó ń gba inú rẹ̀ ń mú un sún síwá sẹ́yìn, bébà tó so mọ́ ọn sì ń ti afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n sípíkà náà ò ní agbára tirẹ̀. Áńpílífáyà inú sítẹ́ríò ló ń fún un lágbára. Ohùn tó ń ti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n jáde ò lágbára tó láti mi bébà yẹn bó ṣe yẹ, ihò tí a ń ki gbohùn-etí bọ̀ náà ò sì lè ṣe é. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má bó wáyà sípíkà kó máa fi tipátipá kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Áńpílífáyà la ń wá. Ó sì ṣeé ṣe kó wà nílé. Bí apá kásẹ́ẹ̀tì sítẹ́ríò bá ti kú, tí rédíò rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, áńpílífáyà inú rẹ̀ yè nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ihò pupa àti funfun tí wọ́n kọ AUX sí wà níbẹ̀. Ẹ má tíì gbé e jù nù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí tẹlifíṣọ̀n padà. Bí ihò gbohùn-etí bá wà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: wáyà tó ní ẹnu kan lápá kan, ẹnu pupa àti funfun lápá kejì, á gbé ohùn lọ sí AUX. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n á sì sábà máa ṣàkóso ohùn náà. Bí kò bá sí, ẹ wá ihò onílẹ̀kùn kékeré tí wọ́n kọ OPTICAL sí. Toshiba ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1983. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń gbé ohùn. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ ó rí iná pupa lẹ́nu kejì. Àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní DAC ló máa sọ ìmọ́lẹ̀ yẹn di ohùn tí áńpílífáyà àtijọ́ gbọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń há sí: wọ́n so gbogbo rẹ̀ tán, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ lọ sínú ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n, ẹ yí i sí PCM, irú ohùn tí DAC gbọ́.

Ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC sí lára náà ń gbé ohùn jáde láti 2009, àmọ́ áńpílífáyà tó mọ ARC ló lè gbà á. Ní ti Bluetooth, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún fíìmù: ẹnu òṣèré á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé.

Ẹni tó bá máa ra áńpílífáyà tuntun, kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn sípíkà. Wọ́n sábà ń kọ 4, 6 tàbí 8 síbẹ̀ pẹ̀lú àmì Ω. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni iná tí sípíkà ń fà ṣe pọ̀ tó. Bó bá kéré sí èyí tí áńpílífáyà gbà, áńpílífáyà á gbóná, ó sì lè jó. Ọ̀pọ̀ áńpílífáyà kékeré òde òní lè lo bàtìrì 12 fóólìtì, ìyẹn sì dára fún ilé tó ń lo sólà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi bàtìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kan wáyà sípíkà fìrí. Bó bá dún "ká", tí bébà sì sún, kò tíì kú. Ẹ fọwọ́ kan etí bébà náà. Bó bá jẹ́ fóòmù tó ń já bí ẹ ti fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún sípíkà ṣe. Ó lè pààrọ̀ fóòmù nìkan. Ẹ pa iná kí ẹ tó so wáyà, kí pupa bá pupa, dúdú bá dúdú. Bí ẹ bá gbé ẹyọ kan gbòdì, béèsì á pòórá.

Nígbà tí sípíkà àtijọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ pa sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n. Bí ohùn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ẹ dín in kù kíá: áńpílífáyà kékeré tí a ń fi agídí lò máa ń jó sípíkà, ẹyọ kékeré tó wà lókè àpótí ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ.