Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kọ̀ǹpútà tó ń wo bí ojú ọmọ ṣe ń kàwé

Ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára kì í ṣe olódo. Ó lè jẹ́ dyslexia ló ń bá a fínra: ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, àmọ́ lẹ́tà àti ìró wọn kì í tètè bára mu fún un.

Ní Sweden, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Karolinska fi kọ̀ǹpútà yẹ bí ẹyinjú àwọn ọmọ 185 ṣe rìn lójú ìwé wò. Ojú ọmọ tó níṣòro yìí máa ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, á tún máa padà sẹ́yìn. Lọ́dún 2016, wọ́n jábọ̀ pé kọ̀ǹpútà mọ ọmọ tó níṣòro yìí yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in, ó sì gbà á ní ohun tó lé ní ìgbà 95 nínú 100.

Ẹ̀rọ kọ́ ni yóò dájọ́ o. Onímọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ yẹ ọmọ náà wò fínnífínní. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá tètè mọ̀, ìrànlọ́wọ́ ni yóò fún un, kì í ṣe ẹgba.