Òkúta Tó Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Odi

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin wa mọ́tò gba àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Láti Manchester, òkè ló kù, àgùntàn, àti ògiri òkúta tí kò ní sìmẹ́ńtì. Ọ̀kan nínú wa tí wọ́n bí ní Jos ní, "Ẹ wò ó, ó jọ ilé!"

Lẹ́yìn Carlisle, a yà sí abúlé Burgh by Sands. Odi Hadrian, tí àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní ọdún 122, gba ibẹ̀ kọjá. A wá odi títí, a ò rí i. Òkúta rẹ̀ ni wọ́n kó lọ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun láti Àríwá Áfíríkà ló ṣọ́ ibẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹta. Báwo la ṣe mọ̀? Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta kan, tí wọ́n rí ní abúlé Beaumont nítòsí ní 1934.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ní Kano, Jos àti Kaduna, ta ló ń kọ ìtàn àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí sílẹ̀? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè kí ilẹ̀ tó ṣú.