Ẹni Tó Fi Awò Ìmòòkùn Bojú, Kó Má Bọ́ Ẹja

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2002 ni òfin ìpínlẹ̀ Florida ti ka bíbọ́ ẹja léèwọ̀ fún amòòkùn. Kì í ṣe ọwọ́ ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ mòòkùn ni òfin náà wà, ẹ má bẹ atukọ̀.

Ta ni amòòkùn?

Ibí gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní, “Èmi ò gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, èmi kọ́ lẹ̀ ń bá wí.” Òfin ò béèrè àgbá. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú omi, ì báà rì tán, ì báà jẹ́ ààbọ̀ ara, tó sì fi awò ìmòòkùn bojú, amòòkùn ni. Bí omi ò bá ju ìbàdí yín lọ, tí awò wà lójú, amòòkùn ni yín. Ọmọdé tó di àkàbà ọkọ̀ mú, tó ń yọjú wo ẹja, amòòkùn ni. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń fi ìwọ̀ pẹja kì í ṣe amòòkùn. Ẹ má fi tirẹ̀ ṣe àwáwí. Òfin yọ̀ǹda kí amòòkùn fi oúnjẹ fa ohun tó láṣẹ láti pa mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tó wá ya fọ́tò kò sí níbẹ̀.

Òfin yìí dé máìlì òkun 3 ní apá Atlantic, 9 ní apá Gulf of Mexico.

Owó tí ẹ ń san létí omi

A kì í ta ìwé àṣẹ bíbọ́ ẹja. Ẹni tó bá gba owó pé ẹja á jẹun lọ́wọ́ yín, jìbìtì ló ṣe.

Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹja yellowtail snapper tó ti mọ búrẹ́dì á máa ya bo gbogbo ẹni tó bá wọ omi. Ẹja goliath grouper lè ju 300 kìlógíráàmù lọ. Bó bá ti ń gba ẹja lọ́wọ́ èèyàn, kì í ya ìka sọ́tọ̀. Bí ẹja ò bá sún mọ́ yín, kì í ṣe torí àìsí oúnjẹ: níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀kọ̀ pa ẹja, òkèèrè ni ẹja ti ń sá. Ariwo afẹ́fẹ́ tó ń hó lẹ́nu yín náà ń lé àwọn mìíràn. Ẹ rọra, ẹ dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á sún mọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ ní kántà kí ẹ tó wọkọ̀. A ò ní fìríìjì, nítorí náà a ò gba ẹyin sísè.