Àyè Tó Ṣófo Nínú Ọkọ̀ Tó Kún

Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí mọ ohùn kọ́ńdọ́: "Mẹ́rin-mẹ́rin lẹ máa jókòó o! Ẹ sún wọlé!"

Ẹ jẹ́ ká fi òfin méjì kún ti kọ́ńdọ́. Èkíní, bí èrò bá ṣe wọlé tẹ̀lé ara wọn ni wọn yóò jókòó tẹ̀lé ara wọn. Èkejì, bí ọmọ ìyá mẹ́rin bá jọ dé, wọn ò gbọdọ̀ pín sí bẹ́ǹṣì méjì.

Bàbá kan kọ́kọ́ wọlé, ó jókòó. Ọmọ ìyá mẹ́rin dé. Àyè mẹ́ta ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, kò lè gbà wọ́n, ni wọ́n bá bọ́ sórí bẹ́ǹṣì kejì. Ìyá kan dé kẹ́yìn, ó di ẹni bẹ́ǹṣì kẹta. Èrò mẹ́fà ti gba ibi èèyàn méjìlá.

Bí mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe nìyẹn. Báìtì ni àyè ìjókòó ibẹ̀. Nínú èdè C, lẹ́tà kan, ìyẹn char, ń gba báìtì 1. Odidi nọ́ńbà, ìyẹn int, ń gba 4 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò lónìí, àwọn mẹ́rin yìí sì ni ọmọ ìyá tí kì í pínyà. Ìwọ̀n-ìwọ̀n ni ẹ̀rọ máa ń bu mẹ́mọ́rì. Bí nọ́ńbà bá nasẹ̀ kọjá ààlà, ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì kó tó bù ú tán. Ẹ̀rọ mìíràn ò tiẹ̀ ní gbà á rárá.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ alájọ lórí oníbàárà kan:

struct Ajo {
  char iru;
  int owo;
  char san;
};

Ẹni tó ro 1 + 4 + 1 pọ̀ á ní 6. Ṣùgbọ́n ẹ fi sizeof bi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, 12 ni yóò dáhùn. Mẹ́ta ṣófo lẹ́yìn iru. Mẹ́ta ṣófo lẹ́yìn san, kí oníbàárà tó kàn lè bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tirẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí owo kọ́kọ́ wọlé, kí iru àti san tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì á jọ jókòó, àyè 2 péré ló máa ṣófo, gbogbo rẹ̀ á sì di 8. Kò sí ohun tí a yọ kúrò. Bí oníbàárà bá pé mílíọ̀nù kan, a ti gba mílíọ̀nù 4 báìtì là.

Èdè Rust lè tún ìlà náà tò fúnra rẹ̀. Ti C kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá ṣe tò ó ni yóò wà. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ ló wà, ẹni tó sì ń lo fóònù tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré ni yóò jẹ èrè tàbí ìyà rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣírò, ẹ má ka èrò nìkan, ẹ ka bẹ́ǹṣì. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ìyá kọ́kọ́ wọlé.